Kí Ẹ Tó Gòkè Lọ Jẹun ní The Shard

Bí ẹ bá fẹ́ jẹun níbi tí Lọ́ńdọ̀nù ti máa tẹ́ rẹrẹ sísàlẹ̀ yín, aago ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn kí ẹ tó bèèrè ohun tí wọ́n ń sè. Oúnjẹ tó dára kò wọ́n nísàlẹ̀, owó rẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti òkè lọ. Ìmọ́lẹ̀ àti fèrèsé lẹ ń torí rẹ̀ náwó lókè. Ẹni tó bá gba tábìlì fún aago 8 alẹ́ nínú oṣù Kejìlá, òkùnkùn ló máa bá, torí pé oòrùn ti máa ń wọ̀ kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù. Nínú oṣù Kẹfà ẹ̀wẹ̀, aago 9 alẹ́ á ti kọjá kí ó tó wọ̀. Ẹ wá àkókò tí oòrùn máa wọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, kí ẹ gba tábìlì fún nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Ẹ ó rí ìlú lójúmọmọ, ẹ ó rí i bí ojú ọ̀run ṣe ń pọ́n, iná á sì tàn kẹ́ ẹ tó dìde.

Renzo Piano, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ló ya àwòrán ilé gogoro The Shard. Ọdún 2012 ni wọ́n ṣí i, gíga rẹ̀ sì tó mítà 310, kò sí ilé mìíràn tó ga tó o ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ London Bridge gan-an ló dúró sí. Láti Peckham Rye, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí, rélùwéè kan ṣoṣo ló máa gbé yín débẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ bá wá kí i láti ilé pé kó mú wọn lọ síbẹ̀. Bí orúnkún bá ń dun àgbà, ẹ wọ táksí dé ẹnu ọ̀nà. Lífìtì ló máa gbé yín gòkè. Etí lè dí díẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ẹ sọ fún ìyá yín tẹ́lẹ̀, kí àyà wọn má baà já.

Àwọn ilé oúnjẹ náà tò léra wọn. Aqua Shard wà ní àjà 31, oúnjẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sè, wọ́n sì ń gbé tíì ọ̀sán kalẹ̀ pẹ̀lú kéèkì àti ìpápánu. Oblix wà ní àjà 32, ẹran àti ẹja yíyan wọn sì dára. Hutong tó wà ní àjà 33 ni èmi yóò mú àgbà tó ń ṣàárò ata lọ, torí pé oúnjẹ ìhà àríwá Ṣáínà ni tiwọn, wọn kì í sì í fi ata ṣahun. Wọ́n ní alákàn díndín kan tí wọ́n máa ń gbé wá nínú ata gbígbẹ tó kún abọ́. Alákàn ni kí ẹ jẹ, kí ẹ fi ata náà sílẹ̀.

Nípa ìjókòó, wọn kì í sábà ṣèlérí tábìlì ẹ̀bá fèrèsé fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibẹ̀ lẹ fẹ́ nígbà tí ẹ bá ń gba àyè, kí ẹ tún fi ohùn tútù bèèrè nígbà tí ẹ bá débẹ̀. Ìhà àríwá ni odò Thames wà. Ẹni tó bá kọjú sí ìlà oòrùn á rí Tower Bridge tí wọ́n ṣí ní 1894, àti ààfin àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Tower of London lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn lọ́wọ́ odò á rí ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's, tí Christopher Wren kọ́, tí òrùlé rẹ̀ rí roboto. Àmọ́ ẹ má gbàgbé láti wo ìsàlẹ̀ gan-an, pàápàá bí ọmọdé bá wà pẹ̀lú yín: ojú irin tó jáde láti ibùdókọ̀ náà nà lọ lẹ́sẹẹsẹ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, rélùwéè ń lọ, òmíràn ń bọ̀. Ọmọdé lè wo ìyẹn títí oúnjẹ á fi dé.

Wọ́n sábà máa ń fún tábìlì ní nǹkan bíi wákàtí 2, wọ́n sì máa ń gba nọ́ńbà káàdì yín sílẹ̀. Bí ẹ kò bá yọjú, tí ẹ kò sì fagi lé àyè tí ẹ gbà lásìkò, wọ́n lè yọ owó níbẹ̀. Agbádá, ìró àti bùbá, gèlè, gbogbo rẹ̀ ló bá ibẹ̀ mu. Aṣọ eré ìdárayá àti sálúbàtà rọ́bà ni kí ẹ fi sílẹ̀ nílé.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Oúnjẹ ọ̀sán láàárín ọ̀sẹ̀ máa ń dínwó ju ti alẹ́ lọ, ìlú kan náà lẹ sì máa rí. Ẹ ka bíìlì dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó: wọ́n ti máa ń fi owó iṣẹ́ àwọn agbáwo kún un. Bí ó bá ti wà níbẹ̀, kò sí ìdí láti tún fún wọn ní òmíràn, torí pé láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni òfin ti pàṣẹ pé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni gbogbo owó náà gbọ́dọ̀ dé. Bí wọ́n bá bi yín irú omi tí ẹ fẹ́, ẹ ní omi ẹ̀rọ lẹ fẹ́. Òfin ní kí ilé oúnjẹ tó bá ń ta ọtí fún yín ní omi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ẹ̀pà tàbí edé bá máa ń ṣe yín níbi, ẹ tètè sọ.

Ẹ wo bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Nígbà òtútù, kùrukùru lè bo gbogbo ìlú, kí ẹ sì sanwó wo funfun. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá gbé e, kó kọjá sí òdìkejì odò, sí Sky Garden tó wà lókè ilé 20 Fenchurch Street. Ọ̀fẹ́ ni wíwọ ibẹ̀, ọgbà wà nínú rẹ̀, ẹ sì lè ra tíì mu. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba àyè, ti òpin ọ̀sẹ̀ kì í sì í pẹ́ tán, nítorí náà ẹ tètè wá a.