Ìrora inú tí kò lọ bọ̀rọ̀, àti oògùn tí ó ti ara ẹlẹ́dẹ̀ wá

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá àìsàn tí Ó sì dá ìwòsàn. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí a páyà Ọlọ́hun ní kọ̀rọ̀ àti ní gbangba.

Ọ̀rọ̀ wa ní Jímọ̀ òní dá lórí àwọn ará wa, ní Ìkòròdú níbí àti ní Ẹ̀pẹ́, tí ìrora inú ti di alábàágbé wọn. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpòlùkú tí àwọn oníṣègùn ń pè ní páńkíríásì. Iṣẹ́ méjì ni Ọlọ́hun yàn fún un: ó ń tú omi tí ń mú kí oúnjẹ, pàápàá ọ̀rá, dà nínú ìfun, ó sì ń pèsè ínsúlíìnì tí ń ṣàkóso ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀yà yìí bá ń wú léraléra fún ọdún pípẹ́, àpá a gba inú rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ a lè dí ojú ọ̀nà omi rẹ̀, àwọn iṣan tí ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ a sì di ẹlẹ́gẹ́. Ìrora náà a bẹ̀rẹ̀ lókè ikùn, a wọ ẹ̀yìn lọ, a sì sábà máa le sí i lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹlòmíràn a tẹ̀ síwájú kí ó tó rí ìsinmi díẹ̀. Ìgbẹ́ a ní ọ̀rá, ara a máa rù, ìtọ̀ ṣúgà sì lè tẹ̀lé e.

Ẹni tí ó ní àìsàn yìí lè kírun láàárín wa lónìí pẹ̀lú ara líle, kí ó má sì lè dìde lórí ibùsùn ní Jímọ̀ tí ń bọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé ó ń díbọ́n. Àwọn mìíràn a ní ọtí ni ó mu. Lóòótọ́, ọtí àti sìgá wà lára ohun tí ń fa àìsàn yìí jù lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní in ni ó mutí rí. Ní ọdún 1969, àwọn dókítà méjì tí wọ́n jọ ń jẹ́ Olurin ní Ìbàdàn kọ ìròyìn sínú ìwé British Medical Journal nípa aláìsàn 45 tí òkúta ti hù nínú páńkíríásì wọn. Wọ́n rí irú rẹ̀ ní Indonesia àti ní ìpínlẹ̀ Kerala ní Íńdíà, lára àwọn tí kì í mutí, tí àwọn mìíràn nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Àwọn onímọ̀ kan fura sí ẹ̀gẹ́ nígbà kan, ṣùgbọ́n ìwádìí tí ó tẹ̀lé e kò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí lé gàárì kúrò nílé. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi àìsàn ọmọ ìyá rẹ̀ ṣe ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n lórí ọtí, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Ọ̀pọ̀ tí ń búra pé ọtí kò kan ètè òun rí ni ó ń dúró ní ìsọ̀ alágbo ní gáréèjì ní òwúrọ̀. Egbòogi tí a rẹ sínú ògógóró, ọtí ni. Páńkíríásì kò mọ̀ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni ẹ torí rẹ̀ mu ún.

Ọ̀rọ̀ tí ó le jù nìyí. Bí omi páńkíríásì kò bá tó mọ́, kápúsù ni dókítà máa ń kọ, èyí tí ó ní irú omi náà nínú. Creon ni ọ̀kan tí a mọ̀ jù. Ara páńkíríásì ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Mùsùlùmí tí ó bá gbọ́ èyí lè sọ oògùn náà nù láìsọ fún dókítà, kí ó sì máa rù lọ.

Àyà 173 nínú Súrà Al-Baqarah ka ẹran ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ èèwọ̀. Àyà kan náà yìí ni ó yọ ẹni tí ìnira mú sílẹ̀, bí kò bá fi ìfẹ́ inú ṣe é, tí kò sì kọjá ààlà. Ebi ni a máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ìnira yìí. Ẹ wo aláìsàn wa: ó ń jẹun, oúnjẹ náà kò sì di ara. Ebi ń pa á pẹ̀lú àwo oúnjẹ níwájú rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí a dì mú ni pé kí ó kọ́kọ́ bi dókítà bóyá oògùn mìíràn wà tí ó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí kò bá sí, kí ó lo kápúsù náà ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún un, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Àárín oúnjẹ ni a ń lò ó, láti òkèlè àkọ́kọ́, kì í ṣe lórí ikùn òfìfo. Kí a má sì fi í sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa.

Kápúsù yìí kì í ṣe oògùn ìrora gan-an. Fún ìrora, parasitámọ́ọ̀lù ni a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà lè fi oògùn tí ń tu iṣan lára kún un, tàbí kí ó kọ tramadol díẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí tramadol 225 tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀, nítorí èyí tí ó ju 100 lọ kò ní ìforúkọsílẹ̀ NAFDAC. Ìrora tòótọ́ ni ó ń gbé àwọn kan dé ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn kò lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ òkúta ni ó dí ọ̀nà, àwọn ilé ìwòsàn ńlá lè yọ ọ́ tàbí kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Nínú ilé, kí oúnjẹ máa kéré, kí ó sì máa wá léraléra. Ẹja tútù láti ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ dára púpọ̀, bí a bá sè é láìfi òróró dín in. Kí a sì pa sìgá tì pátápátá.

Ẹni tí ó bá ń kérora kò ṣe aláìnísùúrù. Ànábì Ayyub ké pe Olúwa rẹ̀ nípa ìnira tí ó bá a, síbẹ̀ Ọlọ́hun pè é ní onísùúrù. Nígbà tí jẹ̀díjẹ̀dí ń ṣe Imran ọmọ Husayn, Ànábì wa ní kí ó kírun ní ìdúró, bí kò bá lè ṣe é, kí ó jókòó, bí kò bá tún lè ṣe é, kí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ààwẹ̀ Ramadan: kí aláìsàn san án ní ọjọ́ mìíràn, ẹni tí kò sì ní ìrètí àtilè gbà á mọ́, kí ó bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ìyàwó àti ọmọ, ẹ má fi ojú burúkú wo bàbá tí ń jẹun ní ọ̀sán.

Àwọn oògùn yìí kò pọ́ọ́kú. Tálákà tí ó ń ṣàìsàn wà lára àwọn tí sàkáà tọ́ sí, kí àwọn tí Ọlọ́hun fún ní owó nínú wa wá a rí kí ó tó wá tọrọ.

Ẹni tí ó bá rí àmì wọ̀nyí lára, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn ni yóò darí rẹ̀ lọ sí LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà bí ó bá yẹ. Bí ìrora bá ṣàdédé le ju ti àtẹ̀yìnwá, tí èébì kò dá, tí ibà dé, tàbí tí ojú di pupa rúsúrúsú bí ìyeyè, ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má dúró kí a kírun Àlàásárì tán.