Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Oúnjẹ Ilé Tó Ń Tọ́jú Inú

Ẹ̀kọ́ ti òní dá lórí inú.

Inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, àìrígbẹ́yà àti inú wíwú kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Nígbà òjò, omi ẹlẹ́gbin máa ń ṣàn wọ inú kànga àti odò. Nígbà máńgòrò, àwọn ọmọ máa ń jẹ èso tí wọn kò fọ̀. Kò ní pẹ́, inú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu.

Ọ̀pọ̀ ohun tí a lè fi tọ́jú inú wà nínú ilé ìdáná wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí a ń ṣe nínú ilé ló dára. Ẹ jẹ́ ká ka ìtàn kékeré yìí ná.

1. Ìyá ọkọ àti ìyàwó

Ọmọ ọdún kan kan wà ní abúlé kan. Láti òwúrọ̀ ló ti ń ṣu omi. Ó ti ṣu nígbà márùn-ún. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì ń sunkún. Ìyá rẹ̀ bu omi, ó fẹ́ fún un mu.

— Ìyàwó mi, má fún un lómi o! Bó bá mu omi, omi náà ni yóò tún ṣu. Jẹ́ kí inú rẹ̀ gbẹ.

— Ẹ má bínú, Ìyá. Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú rẹ̀, ó ti jìn wọnú. Ẹ wo ẹnu rẹ̀, ó ti gbẹ.

— Ojú rẹ̀ jìn lóòótọ́. Kí ni ká wá ṣe?

— Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé omi tó ń jáde lára ọmọ ni ká dá padà fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi mú iyọ̀ àti ṣúgà wá.

— Ó dáa. Ẹ̀kọ tí mo sè láàárọ̀ ńkọ́? Ṣé kò ní pa á lára?

— Kò ní pa á lára rárá, Ìyá. Ẹ̀kọ yín gan-an ló dára fún un.

Ìyá ọkọ fẹ́ràn ọmọ náà bí ìyàwó ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀kọ tó rántí jẹ́ ohun rere. Ọ̀rọ̀ tó sọ nípa omi nìkan ni kò tọ̀nà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan yẹn lè gba ẹ̀mí ọmọ.

2. Kí ló ń pa ọmọ tó ń ṣu?

Omi àti iyọ̀ tó ń bá ìgbẹ́ jáde ló ń pa ọmọ. Ẹ wo ewébẹ̀ tí a kò bomi rin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ewé rẹ̀ á kọ́kọ́ rọ, lẹ́yìn náà á kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara ènìyàn rí. Ara ọmọdé kéré, omi inú rẹ̀ kò pọ̀, ó sì máa ń tètè tán.

Bí a bá fi omi du ọmọ, ìgbẹ́ náà kò ní torí bẹ́ẹ̀ dúró. Inú rẹ̀ yóò ṣì máa ṣu, omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni yóò sì máa tán lọ.

Ṣé omi lásán tó? Omi lásán sàn ju kí ọmọ má mu nǹkan kan lọ, ṣùgbọ́n kò tó. Ara nílò iyọ̀ pẹ̀lú. Ṣúgà ló ń ṣílẹ̀kùn fún iyọ̀ láti wọ inú ara. Bí iyọ̀ bá wọlé, omi á tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí a fi ń po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

3. Bí wọ́n ṣe dán an wò ní ilẹ̀ òkèèrè

Ní ọdún 1971, ogun lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Bangladesh lónìí. Wọ́n sá lọ sí ilẹ̀ Íńdíà. Ní ìlú Bangaon, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára láti inú ìgò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Dókítà Dilip Mahalanabis bá ní kí wọ́n po iyọ̀, ṣúgà àti sódà mọ́ omi, kí àwọn ẹbí aláìsàn sì máa fi ife fún wọn mu. Ṣáájú ìgbà náà, nǹkan bí 30 nínú 100 aláìsàn ló ń kú níbẹ̀. Láàárín àwọn tó mu omi náà, iye tó kú kò tó 4 nínú 100.

Lẹ́yìn náà, láti ọdún 1980 sí 1990, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ BRAC rán àwọn obìnrin láti ilé dé ilé ní àwọn abúlé Bangladesh. Wọ́n kọ́ àwọn ìyá ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 ìdílé bí wọn yóò ṣe po omi yìí. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá náà kò mọ̀wé. Wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n pò. Ṣé àwa tí a ti ń kàwé yóò wá kọ̀ láti mọ̀ ọ́n?

4. Bí a ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà

Bí ilé ìwòsàn bá ní àpò ìyẹ̀fun SRO, òun ló dára jù. Ẹ po àpò kan mọ́ ìwọ̀n omi tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín.
2. Ẹ se omi títí yóò fi hó, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù.
3. Ẹ wọn omi náà lítà 1. Ìgò lítà kan tí wọ́n fi ń ta òróró dára, bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ mọ́.
4. Ẹ fi ṣíbí kékeré tí a fi ń po kọfí wọn ṣúgà 6. Kí ṣíbí kún déédéé, kó má ga sókè.
5. Ẹ fi ṣíbí kan náà wọn iyọ̀ ìdajì, kó dọ́gba pẹ̀lú.
6. Ẹ pò ó títí ohun gbogbo yóò fi yọ́.
7. Ẹ tọ́ ọ wò. Bó bá ní iyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù, kí ẹ po òmíràn. Iyọ̀ àpọ̀jù léwu fún ọmọ.
8. Ẹ bò ó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ da èyí tó ṣẹ́kù nù, kí ẹ po tuntun.

Ẹ ṣọ́ra o! Ẹ má ṣe lo ìgò tí oògùn òwú, oògùn kòkòrò tàbí epo kẹrosíìnì ti wà nínú rẹ̀ rí, bí a tilẹ̀ fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́wàá. Ní ọdún 1999, oògùn òwú pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní apá Borgou níbí.

Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì yóò mu ìdá kan nínú mẹ́rin ife títí dé ìdajì ife. Ọmọ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò mu ìdajì ife sí odindi ife kan. Àgbàlagbà yóò mu bó bá ṣe fẹ́. Bí ọmọ bá bì, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà yóò máa mu ọmú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n fún un ní SRO níbẹ̀.

Láti ọdún 2004 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a fún ọmọ tó ń ṣu ní oògùn síńkì pẹ̀lú, fún ọjọ́ 10 sí 14. Ó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ náà tètè dá. Ẹ béèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kí ẹ sì lò ó tán, bí ìgbẹ́ tilẹ̀ ti dá.

5. Oúnjẹ tó dára fún ẹni tó ń ṣu

Ẹ má ṣe fi oúnjẹ du aláìsàn. Oúnjẹ ló ń fún inú lágbára láti tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ fún un díẹ̀díẹ̀, nígbà púpọ̀.

Ẹ̀kọ mímu. Ògì tó ti kan ní omi kíkan nínú, kíkan náà sì ń dí ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn lọ́wọ́ láti gbilẹ̀. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ lè fi ìyẹ̀fun sóyà sí i nígbà tí ẹ bá ń sè é, kó lè fún ọmọ lókun. Ẹ jẹ́ kó jinná dáadáa.

Omi ìrẹsì. Ẹ se ìrẹsì kó rọ̀ gan-an, kí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí omi rẹ̀.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n. Ẹ sè é, kí ẹ gún un kó rọ̀. Ní Bangladesh, àwọn dókítà fún àwọn ọmọ ọwọ́ tí ìgbẹ́ wọn kò tètè dá ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí pẹ̀lú ìrẹsì. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2001: ara àwọn ọmọ náà tètè yá ju ti àwọn tó jẹ ìrẹsì nìkan lọ.

Ọbẹ̀ tí ata kò pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀wà tí a bó èèpo rẹ̀, ẹyin sísè àti ẹja tún dára pẹ̀lú.

Àgbàlagbà tó bá fẹ́ mu omi ewé gúáfà lè mu ún. Ṣùgbọ́n omi ewé kò lè gba ipò omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Ẹ má sì ṣe fi róbà tẹ omi ewé tàbí omi ata sí ìdí ọmọ tó ń ṣu. Ó ń mú kí omi ara rẹ̀ tán kíákíá ni.

6. Bí ìgbẹ́ kò bá jáde

Ẹni tó ń jẹ gàrí àti iyán lójoojúmọ́ láìsí ẹ̀fọ́, tó ń kọ ebè nínú oòrùn láti àárọ̀ di ọ̀sán, tí kò sì mu omi tó, ìgbẹ́ rẹ̀ á le. Kó má ṣe sáré lọ ra oògùn ìṣunú ní ọjà. Oògùn rẹ̀ wà nínú oko.

Kó gbé kẹ́lẹ́bẹ̀ omi dání lọ sí oko, kó sì mu ún tán. Kó jẹ ìbẹ́pẹ tó pọ́n ní òwúrọ̀. Kó jẹ ọsàn pẹ̀lú awọ funfun inú rẹ̀. Kó jẹ ilá, tẹ̀tẹ̀, gbọ̀rọ̀ àti ẹ̀wà. Awọ àti okùn inú ewébẹ̀ kì í dà nínú, àwọn ló ń ti ìgbẹ́ síwájú. Bí ìgbẹ́ kò bá jáde rárá, tí inú wú, tí ènìyàn sì ń bì, kó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

7. Inú tó ń ta àti inú wíwú

Atalẹ̀ dára fún ẹni tí èébì ń gbé. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sè é nínú omi, kí ẹ mu ún ní gbígbóná.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń mu sódábì tí a rẹ egbò igi sí nítorí inú rírun. Ó lè dà bíi pé ara tu wọ́n fún wákàtí kan. Ṣùgbọ́n sódábì ń jó awọ inú ikùn. Oògùn ara ríro tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà tún lè dá egbò sí inú. Ẹni tí inú rẹ̀ ń ta á lójoojúmọ́, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, kó dá méjèèjì dúró, kó sì lọ rí dókítà.

8. Aràn ńkọ́?

Àwọn àgbà wa mọ kóró ìbẹ́pẹ mọ́ oògùn aràn. Àwọn dókítà ní Ilé-Ifẹ̀ dán an wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2007. Wọ́n fún ọmọ 30 tó ní kòkòrò nínú ní kóró ìbẹ́pẹ gbígbẹ pẹ̀lú oyin. Kòkòrò náà tán lára ọmọ 23. Nínú ọmọ 30 mìíràn tó mu oyin nìkan, ọmọ 5 ló bọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ 60 péré ni wọ́n fi dán an wò. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ oògùn aràn tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ní ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Ẹ má sì ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin.

9. Ìgbà tí a gbọ́dọ̀ sáré lọ sí ilé ìwòsàn

Ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí:

- ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́;
- ìgbẹ́ dà bí omi ìrẹsì, ó sì ń ya láìdúró;
- ọmọ ń bì gbogbo ohun tó bá mu;
- ojú rẹ̀ jìn wọnú, kò ní omijé, kò sì tọ̀;
- ó ń sùn ṣáá, kò lè mu ọmú;
- bí ẹ bá fà awọ ikùn rẹ̀, kò tètè padà;
- ara rẹ̀ gbóná gan-an;
- ìgbẹ́ náà kò dá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ máa fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà lójú ọ̀nà, bí alùpùpù tilẹ̀ ń gbé yín lọ. Ẹ má ṣe retí kí ẹ débẹ̀ ná.

Ìdènà sì sàn ju ìwòsàn lọ. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti ṣáájú oúnjẹ. Ẹ bo omi mímu. Ẹ gbẹ́ ṣáláńgá jìnnà sí kànga.

10. Ẹ jẹ́ ká jíròrò

1. Kí ni àwọn ará abúlé yín máa ń ṣe bí ọmọ bá ń ṣu? Èwo ló dára níbẹ̀? Èwo ló yẹ ká fi sílẹ̀?
2. Bí ìyá ọkọ yín bá ní kí ẹ má fún ọmọ lómi, báwo ni ẹ ó ṣe fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn?
3. Ìṣirò: omi lítà 1 gba ṣíbí ṣúgà 6. Ṣíbí mélòó ni lítà 3 yóò gbà? Iyọ̀ rẹ̀ ńkọ́?
4. Ìṣirò: wọ́n fún ọmọ ní síńkì ọjọ́ 10, hóró kan lójúmọ́. Ó ti lo ti ọjọ́ 4. Hóró mélòó ló kù?
5. Ẹ kọ nọ́mbà mẹ́ta yìí sára ògiri ilé ìdáná yín: omi lítà 1, ṣúgà 6, iyọ̀ ìdajì. Ẹ kà á sókè fún aládùúgbò yín kan kí ọ̀sẹ̀ tó parí.