OMITOORO FÚN ẸNI TÍ ARA RẸ̀ Ń KỌ́FẸ



Púpọ̀ li ẹ̀kọ́ tí a ti gbọ́ nípa ìtọ́jú ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ li èyí tí a gbọ́ nípa ẹni tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Nígbà tí ibà bá ti lọ, tí dókítà sì ti wí pé kí aláìsàn máa lọ sí ilé, gbogbo ará ilé a dúpẹ́, olúkúlùkù a sì padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni náà kò tí ì lè rìn dé ẹnu ọ̀nà láìfi ọwọ́ ti ògiri. Ìgbà yìí ni a ń pè ní ìgbà ìkọ́fẹ. Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí jẹ́ nípa oúnjẹ kan tí ó bá ìgbà náà mu, èyíinì ni omitooro tí a sè nínú ilé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìdáná lásán ni èyí. Nínú Ìhìnrere Marku, orí 5, nígbà tí Olúwa wa ti jí ọmọbìnrin Jairu dìde tán, ó pàṣẹ pé kí wọn fún un ní oúnjẹ. Ẹni tí ó lè jí òkú kò ka oúnjẹ ọmọ náà sí ohun kékeré, ó sì fi iṣẹ́ náà lé àwọn ará ilé lọ́wọ́.

1. OHUN TÍ ÀÌSÀN Ń GBÀ LỌ́WỌ́ ARA

Ohun mẹ́ta pàtàkì li àìsàn ń gbà lọ́wọ́ wa. Èkíní ni omi, nítorí òógùn ibà, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru a máa fa omi ara gbẹ. Èkejì ni iyọ̀, tí í máa bá omi náà jáde. Ẹ̀kẹta ni ẹran ara tìkárarẹ̀. Nígbà tí ara bá ń bá àrùn jà, tí oúnjẹ kò sì wọlé, ara a máa ná nínú ẹran tirẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí apá àti itan aláìsàn fi ń jọ̀rọ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tí ó mú ọ̀ràn náà ṣòro ni pé, ní àkókò kan náà tí ara ń fẹ́ oúnjẹ jùlọ, ẹnu a korò, oúnjẹ kì yóò sì lọ lọ́nà ọ̀fun. Bí a bá gbé iyán síwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀, yóò yí ojú kúrò. Ṣùgbọ́n omitooro gbígbóná kò béèrè jíjẹ. Òórùn rẹ̀ a máa pe ẹnu, ó sì ń dá omi àti iyọ̀ padà lẹ́sẹ̀ kan náà.

2. OHUN TÍ OMITOORO LÈ ṢE

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Moses Maimonides, oníṣègùn Júù tí a bí ní Córdoba ní ilẹ̀ Spéìnì, tí ó sì kú ní Íjíbítì ní ọdún 1204, yin omi ẹran adìyẹ fún àwọn aláìlera. Àwọn bàbá àti ìyá wa ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú kò dúró de ìwé kí wọn tó mọ̀ pé àgbébọ̀ adìyẹ yẹ fún ìyá ọlọ́mọ tuntun àti fún ẹni tí ó ti àìsàn dìde.

Ní ọdún 1978 àwọn dókítà kan ní Miami, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi omi tútù, omi gbígbóná, àti omitooro adìyẹ gbígbóná wé ara wọn lára ènìà 15 tí ara wọn le. Wọ́n rí i pé ohun gbígbóná mú kí ikun imú tètè máa ṣàn jáde, omitooro sì ṣe dáradára nínú èyí; ṣùgbọ́n kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ tí imú fi padà sí ipò rẹ̀. Ní ọdún 2000 Dókítà Stephen Rennard ti Nebraska tẹ ìwádìí mìíràn jáde. Ó fi hàn pé omitooro adìyẹ a máa dín ìrìn àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kan kù nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn tí ìwọ́jọ wọn ń mú kí ọ̀nà ọ̀fun àti imú wú nígbà ọ̀fìnkìn. Ṣùgbọ́n inú ìgò ni a ti ṣe ìwádìí yìí, kì í ṣe nínú ara ènìà. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a sọ ìwọ̀n tí a mọ̀: omitooro a máa tu ni lára, a máa dá omi padà, a sì máa ṣí ẹnu fún oúnjẹ. Kì í pa kòkòrò ibà, kì í sì í wo jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀.

3. OHUN TÍ OMI NÌKAN KÒ LÈ ṢE

Ibí yìí ni kókó ẹ̀kọ́ wa wà. Florence Nightingale, obìnrin tí ó tọ́jú àwọn ọmọ-ogun ní Scutari láti ọdún 1854, kọ ìwé kan nípa ìtọ́jú aláìsàn ní ọdún 1859. Ní ìgbà ayé rẹ̀, àwọn ènìà gbàgbọ́ pé kò sí oúnjẹ tí ń fúnni lágbára bí omi ẹran màlúù. Ó ní kí ẹni tí ó bá gbà bẹ́ẹ̀ gbé omi ẹran náà ka iná títí omi rẹ̀ yóò fi fà tán, kí ó sì wo ohun tí ó kù ní ìsàlẹ̀ ìkòkò. Díẹ̀ báyìí ni, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ṣíbí ìmutíì kan fún ìdajì páìntì omi. Kò wí pé kí a má ṣe lo omi ẹran, nítorí ó mọ̀ pé ó ní agbára láti tu aláìsàn lára; ohun tí ó wí ni pé kí a má ṣe fi í dípò oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé tiwa nísinsìnyí. Nígbà mélòó li a kò sè ẹran tán, tí a bu omi rẹ̀ fún aláìsàn, tí àwọn tí ara wọn le sì pín ẹran náà jẹ? A rò pé a ti fún un ní èyí tí ó dára jù, nítorí òórùn dídùn wà nínú omi náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ń kọ́ ẹran ara kù sínú ẹran tí ó wà nínú àwo ẹlòmíràn. Àwa kò sọ èyí láti bá ẹnikẹ́ni wí, nítorí ìfẹ́ li ó mú wọn bù ú. A sọ ọ́ kí ìfẹ́ náà lè ní ìmọ̀ pẹ̀lú.

4. BÍ A TI Ń SÈ É

Kí a mú ìdajì àgbébọ̀ adìyẹ, tàbí ẹja àrọ̀ kan tí kò tóbi jù, kí a fọ̀ ọ́ mọ́, kí a sì gé e. Adìyẹ ni kí a dà sínú omi tútù bíi lítà méjì, pẹ̀lú àlùbọ́sà kan àti ègé atalẹ̀ kékeré. Bí ó bá ti hó, kí a bu ìfóòfó orí rẹ̀ dànù, kí a sì fa igi kúrò nínú iná, kí ó máa hó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún wákàtí kan àbọ̀ tàbí méjì. Ẹja kò fẹ́ ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Kí iyọ̀ mọ níwọ̀n. Ata rodo kan tí a kò fọ́ lè wà nínú rẹ̀ fún òórùn, kí a sì yọ ọ́ kúrò. Ata púpọ̀ a máa ta ẹnu tí ó bó, a sì máa da inú tí ó ṣófo láàmú. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí a já ewé efinrin sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí a yọ ẹran kúrò lára egungun, kí a gún un kúnná nínú odó mímọ́, kí a sì dà á padà sínú omi náà. Bí ẹja bá ni, kí a fi ọwọ́ yẹ egungun rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. A lè fi ìrẹsì tí ó rọ̀ tàbí iṣu tí a tẹ̀ sínú rẹ̀ kí ó lè ki. Báyìí ni omi àti ẹran yóò jọ wọ inú aláìsàn láìjẹ́ pé ó ń jẹ ohun líle.

Kí ẹni tí kò lè ra adìyẹ má ṣe banújẹ́. Ẹyin méjì tí a pò, tí a sì dà sínú omi ọbẹ̀ tí ń hó títí ó fi jinná, oúnjẹ dáradára ni. Gbẹ̀gìrì tí a bó èèpo ẹ̀wà rẹ̀, tí a sì sè kúnná, a máa kọ́ ẹran ara pẹ̀lú, owó rẹ̀ kò sì tó ti adìyẹ.

5. BÍ A TI Ń FÚN ALÁÌSÀN

Àwọn àgbà wí pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ li a ń lá ọbẹ̀ gbígbóná. Kí a gbé aláìsàn jókòó, kí a bu ìwọ̀nba fún un, kí a sì tún padà wá lẹ́yìn wákàtí méjì. Ife kékeré mẹ́fà ní ọjọ́ kan sàn ju àwokòtò kan tí yóò bì jáde. Nightingale kìlọ̀ pẹ̀lú pé kí a má ṣe fi oúnjẹ tí aláìsàn kò jẹ sílẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀ ní ìrètí pé yóò jẹ ẹ́ bí ó bá pẹ́. Wíwò ó nìkan a máa pa ìfẹ́ oúnjẹ. Ẹni tí kò jẹun rárá fún ọjọ́ púpọ̀, ewu wà nínú kí a tètè bọ́ ọ yó. Kí dókítà sọ ìwọ̀n tí a ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa ibà. Oògùn tí a ń pè ní artemether-lumefantrine, tí a ń lò lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàrin ọjọ́ mẹ́ta, a máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ dáradára bí a bá lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tí ó ní ọ̀rá. Nítorí náà kí a má ṣe re gbogbo ọ̀rá orí omitooro náà dànù. Bí ara bá sì yá ní ọjọ́ kejì, kí a ṣáà lo oògùn náà tán.

6. NÍPA ÀWỌN ỌMỌDÉ

Ní ọdún 1933 Dókítà Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana nísinsìnyí, kọ̀wé nípa àrùn ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí irun rẹ̀ sì pọ́n, nítorí pé a ti já a lẹ́nu ọmú tí a sì ń fi ẹ̀kọ àgbàdo nìkan bọ́ ọ. Ní ọdún 1935 ó pè é ní kwashiorkor, orúkọ tí ó gbà lọ́wọ́ àwọn ará Gã. Lẹ́yìn rẹ̀, láti ọdún 1956, Dókítà David Morley ṣiṣẹ́ ní Iléṣà àti ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó rí i pé àrùn éèyi a máa mú kí àwọn ọmọ tí kò jẹun tó rù gidigidi, àti pé púpọ̀ nínú ewu náà wà lẹ́yìn tí éèyi bá ti lọ. Nítorí èyí li ó ṣe kọ́ àwọn ìyá láti máa wọn ọmọ, kí wọn sì máa kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé, kí a lè tètè mọ ọmọ tí kò kọ́fẹ.

Ní ilẹ̀ wa a máa ń wí tẹ́lẹ̀ pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin àti ẹran yóò di olè. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wa sọ fún àwọn òbí pé ìwà kì í ti inú ẹyin wá. Ọmọ tí ó ti éèyi tàbí ìgbẹ́ gbuuru dìde nílò ẹran inú omitooro ju bàbá rẹ̀ lọ.

Ọmọ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà, ọmú ìyá nìkan ni tirẹ̀. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe ọmọ, omitooro kò tó. Kí a fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí ilé ìwòsàn ń fúnni. Bí kò bá sí lárọ̀ọ́wọ́tó, kí a po ṣíbí ìmutíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀, tí a rẹ́ lórí dọ́gba, sínú lítà kan omi mímọ́. Kí iyọ̀ má ṣe ju èyí lọ.

7. ÌKÌLỌ̀

Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kídìnrín gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún iyọ̀. Àwọn èròjà onígun mẹ́rin tí a ń fọ́ sínú ọbẹ̀, iyọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Omitooro tí ó bá kù kò gbọ́dọ̀ sùn sórí ààrò lásán. Kí a gbé e sínú ẹ̀rọ amúǹkantutù bí ó bá wà, kí a sì tún un sè kí ó hó dáradára kí a tó fún aláìsàn. Bí ibà bá padà, bí aláìsàn kò bá lè mu omi, bí ìtọ̀ rẹ̀ bá ṣọ̀wọ́n, bí mímí bá nira, tàbí bí ẹsẹ̀ bá ń wú, kí a gbé ìkòkò kalẹ̀, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ìparí, ọ̀pọ̀ nínú wa li ó máa ń bẹ aláìsàn wò, tí a sì ń bi í bí ara ti rí. Ní oṣù yìí, kí ẹni tí ó bá ní agbára gbé abọ́ omitooro kan dání, kí ẹran rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ó sì dúró títí aláìsàn yóò fi mu ún.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ẸGBẸ́ ÌKẸ́KỌ̀Ọ́

(1) Ohun mẹ́ta wo li àìsàn ń gbà lọ́wọ́ ara, èwo sì ni omi ẹran nìkan kò lè dá padà?
(2) Kí ni Florence Nightingale ní kí a ṣe láti dán agbára omi ẹran wò?
(3) Nínú ilé yín, ta ni í jẹ ẹran inú ọbẹ̀ aláìsàn?
(4) Kí ni ẹ ó fi sè omitooro fún aláìsàn tí kò ní owó adìyẹ?