Iṣẹ́ Ọnà Kì í Ṣe Àlejò ní Ìlọrin

ÌBÉÈRÈ: Iṣẹ́ ọ̀dà ni mo ń ṣe ní Challenge, níbí ní Ìlọrin. Mo ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù, mo sì ń kọ nǹkan sára mọ́tò, ṣùgbọ́n látìgbà tí bánà flex tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ ti dé ni ọwọ́ ti dilẹ̀. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS2, ó ní Fine Art lòun fẹ́ kà, ìyá rẹ̀ kò sì fẹ́. Olùkọ́ wọn wá ní kí wọ́n kọ ìtàn bí iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa ṣe ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Mo sọ fún un pé Nok ló kọ́ Ifẹ̀, Ifẹ̀ kọ́ Benin, òyìnbó wá kọ́ gbogbo wa ní àwòrán yíyà, àti pé àwa ará Ìlọrin kò sí nínú rẹ̀ torí ẹ̀sìn wa. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí? Ṣé kí n sì jẹ́ kó lọ kà á? (Bàbá ọmọ, Challenge, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe gbogbo bàbá ló ń bá ọmọ jókòó ti iṣẹ́ àmúrelé, mo kan sáárá sí yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ọmọ yẹn tó kọ ohun tí ẹ sọ fún un sílẹ̀, ẹ gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ Nok àti Ifẹ̀ ṣì ṣe é tún ṣe. Èyí tí n kò lè gbójú fò ni pé "àwa ará Ìlọrin kò sí nínú rẹ̀." Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń fi iṣẹ́ ọnà jẹun. Ẹnu yòówù kó ti jáde, kì í ṣe òótọ́.

Etí odò Ọya ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Abúlé kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Tada, àwọn Núpé ló ń gbé e, inú Ìpínlẹ̀ Kwara yìí náà ló sì wà. Ère ọkùnrin kan wà lọ́wọ́ wọn láti ayébáyé. Ó jókòó, ó ká ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó gbé orúnkún kejì sókè, apá rẹ̀ ti kán. Gíga rẹ̀ kò ju ìdajì mítà àti díẹ̀ lọ. Bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù kankan ni wọ́n fi dà á, ẹ sì bi ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà: bàbà lásán kì í ṣàn dáadáa bí idẹ, ẹni tó bá fi da ère ti gbójú. Láyé àtijọ́, ní ọjọ́ Jímọ̀, àwọn ará Tada máa ń gbé e lọ sétí odò, wọ́n á fi òkúta wẹ́wẹ́ odò fọ̀ ọ́, kí obìnrin lè bímọ, kí ẹja sì pọ̀. Wọ́n fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́ títí ara rẹ̀ fi ń dán, tí ọnà ara aṣọ rẹ̀ sì ń pa rẹ́ lọ. Ìtàn Núpé ní Tsoede, akọni wọn, ló kó ère yìí àti àwọn ère ẹgbẹ́ rẹ̀ bọ̀ láti Ìdá. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ fi ọjọ́ orí rẹ̀ sí òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá tàbí ìkẹrìnlá, ọwọ́ Ifẹ̀ sì hàn lára rẹ̀ kedere. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Èkó ló wà báyìí. Nínú gbogbo ère tí ilẹ̀ yìí ní, n kò mọ èyí tó tún fún ni ní ìfọ̀kànbalẹ̀ bíi tirẹ̀.

Ẹ kúrò ní Tada, ẹ wá sí Ẹsìẹ́. Ìyẹn kò jìnnà sí yín rárá, apá Ọ̀rọ̀ àti Òmù-Àrán ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ni. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rin ló wà níbẹ̀, ọkùnrin, obìnrin, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jókòó sórí àpótí. Òmíràn di idà mú. Ẹ wo orí àwọn obìnrin wọn: irun dídì oríṣiríṣi, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ilà lójú, kò sí méjì tó jọra. Àwọn ará Ẹsìẹ́ ní àlejò ni wọ́n nígbà kan rí kí wọ́n tó di òkúta, wọ́n sì ń ṣe ọdún wọn. Ní 1933 ni òyìnbó CMS kan tó ń bójú tó àwọn ilé-ìwé, H. G. Ramshaw, kọ̀wé nípa wọn fún àwọn ará ìta. Ní 1945, wọ́n kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sí Ẹsìẹ́, òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Kò sí ti Èkó nígbà náà, kò sí ti Ifẹ̀. Ìgbómìnà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó wà ní Challenge wá ń sọ pé a kò sí nínú rẹ̀!

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ yín lọ́wọ́ nìyí, Bàbá ọmọ. Ọdún tí wọ́n rí nǹkan ni wọ́n fi ń to ìtàn náà fún àwọn ọmọ. Ní 1928, àwọn awakùsà rí ère amọ̀ ní Nok. Ní 1938, àwọn tó ń walẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ kan orí idẹ. Ọdún yẹn kan náà ni ọkùnrin kan tó ń wa kòtò omi ní Igbo-Ukwu kan idẹ tirẹ̀. Àwọn ọjọ́ wọ̀nyí jẹ́ ti ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Ọjọ́ tí àwọn oníṣẹ́ ṣe iṣẹ́ yàtọ̀ pátápátá. Iṣẹ́ Nok bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1500 ṣáájú ìbí Jésù, ó sì parí ní àyíká ìgbà tí wọ́n bí i. Láti ìgbà náà dé ìgbà tí Ifẹ̀ gbèrú, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ó tó ẹgbẹ̀rún ọdún. Ta ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ta? Igbo-Ukwu sì ti ń da idẹ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án, ṣáájú Ifẹ̀, láìsí olùkọ́ kan tí a mọ̀ láti Ifẹ̀ tàbí Nok. Ti Benin nìkan lẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà: ìtàn Benin fúnra rẹ̀ sọ pé Ọba Oguola ló ránṣẹ́ sí Ifẹ̀ kí wọ́n wá kọ́ wọn ní idẹ dídà, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbà kan kì í sì í kógbá wọlé kí òmíràn tó dé. Ní Igun Street ní Benin, wọ́n ń da idẹ títí di àárọ̀ yìí.

Ẹ̀sìn ńkọ́? Lóòótọ́, ère gbígbẹ́ kò gbilẹ̀ láàárín ìgboro Ìlọrin bíi ti àwọn ìlú Ìgbómìnà. Ọwọ́ gba ibòmíràn lọ ni. Ìlọrin kọ ìwé: tàdáwà, kálámù, wàláà tí wọ́n fi ìlà ṣe ọ̀ṣọ́ sí létí. Ìlọrin hun aṣọ òkè. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé fọ́, àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ lántànà kó wá sí Ìlọrin, wọ́n ń gé òkúta pupa tó ń ti òkè Ọya wá, wọ́n ń lu ihò sí i, wọ́n ń lọ̀ ọ́ kó lè dán, àwọn ọba sì ń so ó mọ́rùn. Ìlẹ̀kẹ̀ olówó pọ́ọ́kú tí òyìnbó ń kó dé ló pa iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀sìn kò ní ọwọ́ nínú ikú rẹ̀. Kí ẹ tó sì sọ pé Mùsùlùmí kì í gbẹ́gi, ẹ rántí Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, tó jáde láyé ní 2009. Mùsùlùmí ni, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì.

Wàyí o, ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ẹ̀ ń gbé Ìlọrin, ẹ kò sì dárúkọ Òkèlele, àdúgbò àwọn amọ̀kòkò, nínú lẹ́tà yín! Àwọn obìnrin amọ̀kòkò ilé Dàda níbẹ̀ kò lo ẹ̀rọ tó ń yí. Obìnrin náà á da ojú ìkòkò àtijọ́ kan délẹ̀, á tẹ́ amọ̀ lé ìdí rẹ̀, á lù ú títí yóò fi fẹ́lẹ́. Tó bá ti le díẹ̀, á bọ́ ọ kúrò, á gbé e nàró, á wá máa lẹ amọ̀ mọ́ ọn létí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yí ìkòkò náà po, ìka rẹ̀ kò ní kúrò létí ìkòkò. Á yí ṣùkù àgbàdo lára rẹ̀ kó lè ní ọnà. Wọ́n á kó wọn jọ sí gbangba, wọ́n á fi igi àti koríko sun wọ́n, bí wọ́n bá sì ṣe ń yọ nínú iná ni wọ́n á máa fi omi èèpo irúgbá wọ́n wọn, ara wọn á pọ́n dúdú. Ìgbà tí ojú bá rí ìyẹn tán, kí lẹ tún fẹ́ pè ní iṣẹ́ ọnà?

Ṣùgbọ́n obìnrin ló ṣe é, wọ́n sì ń fi se ọbẹ̀, nítorí náà wọ́n ní iṣẹ́ ilé ìdáná ni. Bí ọkùnrin bá fi àáké kan igi, kíá, ó ti di agbẹ́gilére. Ẹ yọ náírà ogún kan jáde, Bàbá ọmọ, kí ẹ yí i padà. Obìnrin tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò ni Ladi Kwali. Ẹ̀gbọ́n ìyá tàbí bàbá rẹ̀ lóbìnrin ló kọ́ ọ níṣẹ́ lábúlé, kí òyìnbó Michael Cardew tó gbà á sí ilé ìmọ̀kòkò ní Abuja àtijọ́, tó di Suleja báyìí, ní 1954. Ó fi iṣẹ́ yẹn rìn dé Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Ní ọ̀nà yẹn náà, àwọn obìnrin Òkèlele yẹ kí wọ́n wà nínú ìwé ìtàn ọmọ yín, kí orúkọ àdúgbò wọn hàn gbangba.

Pé òyìnbó ló kọ́ wa ní àwòrán yíyà, ẹ gbé ìyẹn sọnù. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti ń fi ọ̀dà ya àwòrán ènìyàn ní 1906. Ó lọ kàwé sí i ní London ní 1920, òun náà ló rọ ìjọba kí wọ́n wá olùkọ́ iṣẹ́ ọnà wá, ìyẹn ni Kenneth Murray fi dé ní 1927. Ní Òkè-Ẹ̀rọ̀ níbí, Bámigbóyè ará Odò-Ọwá ń gbẹ́ agọ̀ ẹ̀pà, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé níṣẹ́ igi ní Òmù-Àrán. Ní 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà tó sì kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria tí wọ́n dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1958, Jimoh Akolo wà ní ilé-ìwé yẹn pẹ̀lú wọn: ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ni, ìlú tó wà lábẹ́ Kwara kí Kogi tó yọ ní 1991.

Ti flex tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, mo gbọ́, ó sì dùn mí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn. Ti ọmọ yín, ẹ jẹ́ kó kà á. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà kò wọ́n: Ifẹ̀ wà, Zaria wà, Auchi wà, Yábàá wà, àwọn tó jáde níbẹ̀ ń jẹun. Ṣùgbọ́n kó tó kọ ọ̀rọ̀ kan sínú asáínmẹ́ǹtì yẹn, ẹ wọ mọ́tò Àjàṣẹ́-Ìpo lọ́jọ́ Sátidé kan, kí ẹ mú un dé Ẹsìẹ́. Lọ́jọ́ kejì, kí òun àti ìyá rẹ̀ lọ sí Òkèlele, kí wọ́n bi àwọn ìyá tó ń mọ̀kòkò ní ìbéèrè, kí ó kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ wọn. Ìyá rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kó lọ.