Ìṣọ́ra Lẹ́nu Iṣẹ́ Rúùtà

Ẹ̀yin òbí tí ẹ fi ọmọ sí ẹnu iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ ti di ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù tiyín ní Odògbolú àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Rúùtà, ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe ọnà sí etí pákó, kéré lójú. Ọmọ tí ń bẹ̀rù ayùn oníná lè máa fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ń yí ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Ewu tí ó farasin jù lọ́dọ̀ wa ni ti iná tí ń lọ tí ń bọ̀. Bí iná bá lọ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ọmọ á gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, á jáde lọ gba atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n bọ́tìnì ọ̀pọ̀ rúùtà kì í padà fúnra rẹ̀. Bí ó ti wà ni yóò wà. Nígbà tí iná bá dé, ẹ̀rọ náà yóò ta dìde lórí tábìlì. Èyí tí ó burú jù ni pé kí ọmọ lo àkókò òkùnkùn náà láti pààrọ̀ ọ̀bẹ ẹ̀rọ, kí iná sì dé nígbà tí ìka rẹ̀ wà lára rẹ̀. Nítorí náà, bí iná bá ti lọ, kí a pa bọ́tìnì, kí a sì yọ okùn kúrò lára iná. Orí okùn náà gbọ́dọ̀ wà níwájú ẹni tí ń pààrọ̀ ọ̀bẹ, níbi tí ojú rẹ̀ ti lè rí i. Òfin Mósè nínú Deuteronómì 22:8 ní kí ẹni tí ó kọ́ ilé ṣe odi yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ènìyàn má baà já bọ́. Ọ̀gá tí ó fi ìlànà yìí lélẹ̀ ti mọ odi tirẹ̀.

Bí a bá ti ki ìdí ọ̀bẹ bọlẹ̀, kí a fà á sókè díẹ̀, bíi mìlímítà 3, kí a tó fi sípánà dì í. Ọ̀bẹ ńlá kò fẹ́ eré púpọ̀. Pákó gbọ́dọ̀ dúró gbọn-in lórí tábìlì, kí a sì máa gé e díẹ̀díẹ̀. Ìrókò ní tirẹ̀ a máa ní òkúta nínú, òkúta gidi, tí ń ṣẹ́ ẹnu irin.

Ẹni tí ó kọjú sí etí pákó tí ó wà níwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ẹ̀rọ láti òsì lọ sí ọ̀tún. Bí ó bá yí i padà, ẹ̀rọ á fa ara rẹ̀ lọ, á sì já mọ́ ọn lọ́wọ́. Nínú fèrèsé tí a gbẹ́ sáàárín pákó, ọ̀nà náà yí padà: etí inú tí ó jìnnà sí wa ni a ń ti láti òsì sí ọ̀tún.

Kò sí ìbọ̀wọ́, kò sí apá aṣọ tí ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀. Awò ojú àti ìbòmú pọn dandan. Eruku ìrókò ń mú ni sín, ó ń mú ara yún; láti 1995 sì ni àjọ àgbáyé tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti ka eruku igi mọ́ ohun tí ń fa àrùn náà.

Òbí tí ó bá lọ kí ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lè kọ́kọ́ wo ibi tí orí okùn rúùtà wà nígbà tí iná kò sí.