Kídìnrín: Ohun Tó Ń Dá Padà àti Ohun Tó Ń Tì Jáde

Àwa tí a ti gba ààwẹ̀ ní Tanke lásìkò ooru mọ̀ pé tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ìtọ̀ kì í pọ̀ mọ́, àwọ̀ rẹ̀ a sì pọ́n. Kí ló fà á?

Kídìnrín méjì ni Ọlọ́hun fún wa, lápá ẹ̀yìn, lábẹ́ egungun ìhà. Asẹ́ kéékèèké tó tó mílíọ̀nù kan ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lójúmọ́, nǹkan bí 180 lítà omi ni wọ́n ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ìtọ̀ wa kò ju bíi lítà kan sí méjì lọ. Níbo ni ìyókù wọlé sí?

1. Dídá padà: Asẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi náà ń gbà kọjá. Ọ̀pá yìí ń fa ohun tí ara ṣì nílò padà sínú ẹ̀jẹ̀: omi, iyọ̀ àti ṣúgà. Bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ jù, apá ọ̀pá kò ní í ká a mọ́, yóò bá ìtọ̀ jáde. Ìdí nìyí tí a fi ń pe àìsàn náà ní ìtọ̀ ṣúgà. Nígbà ààwẹ̀, ọpọlọ a ránṣẹ́ sí kídìnrín pé kó dá omi púpọ̀ sí i padà. Ìyẹn ló mú kí ìtọ̀ pọ́n.

2. Títì jáde: Ohun tí asẹ́ kò kó tán, ọ̀pá yìí tún ń fà á láti inú ẹ̀jẹ̀ jù sínú ìtọ̀. Oògùn wà lára wọn. Ní 1941, ní Oxford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fún ọlọ́pàá kan, Albert Alexander, ní pẹnisílíìnì. Oògùn náà ṣọ̀wọ́n, kídìnrín sì ń tì í jáde kíákíá, débi pé wọ́n ń gbe ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n ń yọ oògùn inú rẹ̀ láti tún fún un. Ara rẹ̀ ti ń yá kí oògùn tó tán. Lẹ́yìn náà ó kú. Nítorí náà, bí dókítà bá ní kí á lo oògùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, kí á má ṣe fo ọ̀kan.

Ẹ̀kọ́ wa: Kí á máa mu omi dáadáa nígbà ìṣínu àti sàárì. Kí á má ṣe máa dédé lo oògùn ara ríro bíi ibuprofen, pàápàá nígbà tí omi ara bá ti dín, nítorí ó ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kídìnrín kù. Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ kò bá dá, kó rí dókítà kó tó gba ààwẹ̀. Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn.

Ìbéèrè: Kí ni kídìnrín ń dá padà? Kí ló ń tì jáde?