Olówó Kan Láàrin Òtòṣì Mẹ́fà

Àwọn àgbà ní olówó kan láàrin òtòṣì mẹ́fà, òtòṣì ni ìkeje wọn. Ìjọ Kristẹni tó bá gba òwe yìí gbọ́ kò ní fi ọ̀rọ̀ tálákà sílẹ̀ di ọjọ́ ìkórè, kò sì ní rò pé owó nìkan ni ọmọ ìjọ lè fi sin aláìní.

Ní Ọjà Ọba, nítòsí ààfin Ewì l'Ádó-Èkìtì, àìmọ̀ọ́tà kọ́ ló sábà máa ń dá obìnrin aláta dúró. Tòmátì lè rà mọ́ ọn lọ́wọ́, ọmọ sì lè ṣàìsàn kí owó ọjà bá oògùn lọ. Ó lè ti máa dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ, ìyẹn ẹni tó ń gba iye kan lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń kó o fún un lópin oṣù, tó sì ń yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gba àjọ náà ná kí oṣù tó pé, owó èlé ló kù. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, nítorí náà kóńgò ìrẹsì ni kí ìjọ kọ́kọ́ gbé fún un. Àmọ́ owó tí kò ní èlé, tí yóò máa dá padà díẹ̀díẹ̀ bí ọjà bá ṣe ń tà, ni yóò dá a padà sídìí àtẹ. Òṣìṣẹ́ báńkì tó jókòó nínú ìjọ, tó lè máa kọ ìwé owó bẹ́ẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ olówó kò lè ṣe.

Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹfà fi èyí hàn kedere. Nígbà tí àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì kùn pé wọ́n ń gbàgbé àwọn opó wọn nínú ìpín ojoojúmọ́, ìjọ yan ọkùnrin méje tó lórúkọ rere tó sì lọ́gbọ́n. Orúkọ Gíríìkì sì ni gbogbo wọn ń jẹ́, èyí tó jọ pé láàrin àwọn tó ń ráhùn gan-an ni a ti yan wọ́n. Ní orí kẹsàn-án, abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Dọ́káàsì fi sin àwọn opó.

L'Ádó náà, ní 1933, Henry Dallimore, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá Christ's School sílẹ̀, èyí tó wà lórí òkè Àgídímọ̀. Ìmọ̀ tó ní ló fi tọrẹ, ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ sì ti ibẹ̀ di dókítà àti ọ̀jọ̀gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni télọ̀ inú ìjọ lónìí lè gba ọmọ aláìní kan síṣẹ́ láìgba owó ìkọ́ṣẹ́ tàbí owó ìdáǹdè.

A kì í ṣoore tán ká lóṣòó tì í. Ìjọ tó bá to àwọn opó síwájú pẹpẹ, tó sì ń ya fọ́tò wọn pẹ̀lú àpò ìrẹsì lọ́wọ́, ti gba iyì wọn ní pààrọ̀ oúnjẹ, ìwà yìí sì burú jọjọ. Ìdákọ́ńkọ́ ni kí a ti fún wọn. Ìgbìmọ̀ tó bá sì ń pín ìrànlọ́wọ́ yìí gbọ́dọ̀ ní ọlọ́jà nínú, nítorí òun ló máa ń mọ ẹni tí kò pàtẹ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àti ohun tó fà á.